Egungun tó "sàn" lójú ẹsẹ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nídìí ẹ̀rọ MRI

"Ṣé èèyàn kan náà lẹ yà yìí?"

Bí dókítà tó máa ń ka àwòrán fún wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Wọ́n ní kí n lọ tún un wò. Wọ́n ní nínú àwòrán tí a yà kí a tó gún màmá yìí lábẹ́rẹ́, egungun ẹ̀yìn méjì ló ń tàn yanran bí iná mọ́tò lóru, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa àwòrán pàápàá á rí i pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Nínú èyí tí a yà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, egungun méjèèjì ti dà bíi ti ẹni tí ohunkóhun ò ṣe. "Abẹ́rẹ́ yín yìí, ṣé ìwòsàn ló wà nínú ẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dénú mi. Màmá ṣì wà ní yàrá ìdúró, wọ́n ń fi tíì jẹ búrẹ́dì, ọmọ wọn ti jáde lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn délé.

Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Iná ò lọ. Màmá ò mira. Àwòrán kọ̀ọ̀kan jáde bó ṣe yẹ kó jáde, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó kọ sílẹ̀. Màmá gbà pé kí n sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ wọn.

Ohun tó gbé màmá wá

Ilé àyẹ̀wò kékeré kan n'Ìbàdàn la wà. Èlùbọ́ ni màmá ń tà, wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n láti bí oṣù márùn-ún. Wọ́n ra oògùn ara ríro, wọ́n mu àgbo, wọ́n fi aboniki pa á. Nígbà tó yá, ibà ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń rù, ẹsẹ̀ méjèèjì sì wá ń wúwo débi pé ọmọ wọn ló ń fà wọ́n dìde. X-ray ti fi hàn pé àárín egungun ẹ̀yìn méjì, T12 àti L1, ti fún pọ̀. (Ẹ má jẹ́ kí T12 yìí da T1 àti T2 tí mo máa sọ níwájú rú mọ́ yín lójú. Orúkọ ló jọra, wọn ò bá ara wọn tan.)

Dókítà tó fi wọ́n ránṣẹ́ fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ egungun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kọ sínú ìwé: nǹkan tó ń ti okùn ọ̀pá ẹ̀yìn láti ẹ̀yìn egungun yìí, ṣé ọyún ni, àbí ẹran ara tó wú lásán? Ìbéèrè ńlá ni. Tó bá jẹ́ ọyún ló ń tì í, ó ṣeé ṣe kí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní láti fà á jáde kíákíá. Tó bá jẹ́ ẹran ara tó wú, oògùn lè kápá ẹ̀. Abẹ́rẹ́ contrast la fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: ọyún ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú, etí rẹ̀ nìkan ni contrast máa ń dé, ẹran tó wú kún fún ẹ̀jẹ̀, contrast á wọ ọ́ látòkè délẹ̀.

Ohun tí funfun àti dúdú ń sọ

Kí n tó sọ ibi tí a ti kọsẹ̀, ó yẹ kí n sọ bí àwòrán wọ̀nyí ṣe ń rí funfun àti dúdú wọn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bíi fọ́tò ni. Nínú X-ray, egungun funfun lónìí, funfun lọ́la. Nínú MRI, ohun kan náà lè funfun nínú àwòrán kan kó sì dúdú nínú èyí tí a yà ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, láìjẹ́ pé aláìsàn yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Òòfà ni ẹ̀rọ náà. Tiwa jẹ́ 0.3 tesla (tesla la fi ń wọn agbára òòfà), òòfà tí kì í lo iná láti fi jẹ́ òòfà, tí kò sì nílò helium olómi. Ìdí tí irú rẹ̀ fi bá ilẹ̀ wa mu nìyẹn. Omi àti ọ̀rá ara wa kún fún háídrójìn. Nínú òòfà, prótọ́ọ̀nù inú háídrójìn á máa pòòyì, ìgbà mílíọ̀nù 42.58 ní sẹ́kọ́ǹdì kan fún tesla kọ̀ọ̀kan, èyí tó fi jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.8 lọ́dọ̀ tiwa. A ó fi ìgbì rédíò tó bá ìwọ̀n yẹn mu bì wọ́n ṣubú. Bí wọ́n bá ti ṣubú, nǹkan méjì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n ń dìde padà sí ipò wọn, ohùn tí wọ́n sì jọ ń ké ń rọlẹ̀. Bí ìdìde náà ṣe ń pẹ́ tó là ń pè ní T1. Bí ohùn náà ṣe ń pẹ́ tó kó tó rọlẹ̀ là ń pè ní T2. Ẹran ara kọ̀ọ̀kan ló ni T1 àti T2 tirẹ̀. Raymond Damadian fi hàn ní 1971, nínú ẹran ara eku, pé iye wọ̀nyí máa ń yí padà nínú jẹjẹrẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé wọ́n lè fi wá àìsàn.

Màmá gan-an ló kọ́ mi ní àpẹẹrẹ tí mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Bí mo ṣe ń tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń ráhùn pé òjò ò jẹ́ kí gbodo gbẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ sá iṣu tó fẹ́lẹ́ àti èyí tó nípọn sórí àpáta kan náà. Tẹ́ ẹ bá lọ wò wọ́n lọ́jọ́ kejì, èyí tó fẹ́lẹ́ ti ń dún pakapaka, èyí tó nípọn ṣì rọ̀ nínú, ẹ sì lè fọwọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹwàá kẹ́ ẹ tó lọ, gbogbo wọn ti gbẹ, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa fi mọ èyí tó kọ́kọ́ gbẹ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ wò ó yẹn là ń pè ní TR, ìyẹn àkókò tó wà láàárín ìgbà tí a bi prótọ́ọ̀nù ṣubú àti ìgbà tí a tún padà bì wọ́n. Ọ̀rá ni iṣu tó fẹ́lẹ́, T1 rẹ̀ kúrú. Omi ló nípọn. Tí TR bá kúrú, ọ̀rá á funfun, omi á dúdú. Tí TR bá gùn, ìyàtọ̀ T1 á parẹ́.

TE wá ni àkókò tí a dúró kí a tó tẹ́tí sí ìdáhùn. Ẹ lu agogo irin, ẹ lu pákó: lójú ẹsẹ̀, méjèèjì ń dún. Ẹ fọwọ́ dí etí díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i, agogo nìkan ló kù. Omi ni agogo. Nítorí náà, TR gígùn àti TE gígùn á fún wa ní àwòrán tí omi ti ń tàn.

Lórí màmá, a fi TR 450 mílísẹ́kọ́ǹdì àti TE kúkúrú ya àwòrán tó ń fi ìyàtọ̀ T1 hàn; T1 náà là ń pe àwòrán ọ̀hún. Mùdùnmúdùn egungun àgbàlagbà kún fún ọ̀rá, nítorí náà egungun ẹ̀yìn wọn funfun rọ́ndọ́rọ́ndọ́, àfi T12 àti L1 tó dúdú bí eyín tó ti jẹrà láàárín eyín funfun. Omi àìsàn ti lé ọ̀rá kúrò níbẹ̀. Nínú àwòrán T2, èyí tí TR àti TE rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ ò dán mọ́rán tó bẹ́ẹ̀, torí bí a ṣe ń sáré ya T2 láyé òde òní máa ń jẹ́ kí ọ̀rá náà funfun, àìsàn á wá fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń ya STIR.

STIR ò mọ ọ̀rá

Graeme Bydder àti Ian Young, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní London, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1985. Ọgbọ́n ibẹ̀ rèé. Dípò kí a bi prótọ́ọ̀nù ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, a ó kọ́kọ́ da orí gbogbo wọn kodò, bí ẹni ju wọ́n sí kòtò. Kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè bọ̀ bí T1 rẹ̀ bá ṣe yára tó. Ọ̀rá ló yára jù. Lásìkò kan, ọ̀rá á kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ: kò sí nínú kòtò mọ́, kò tíì dé òkè. Tí a bá ya àwòrán ní àkókò yẹn gẹ́lẹ́, ọ̀rá ò ní ohun tó máa sọ, á dúdú. Omi tó ṣì wà nísàlẹ̀ kòtò ń pariwo, ẹ̀rọ ò sì bìkítà bóyá inú kòtò ni ariwo ti wá tàbí láti òkè. Ariwo ni ariwo. Àkókò ìdúró yẹn ni TI. Láti rí i, ẹ fi 0.69 sọ T1 di púpọ̀. Lórí ẹ̀rọ wa, 110 mílísẹ́kọ́ǹdì là ń lò, torí T1 ọ̀rá níbẹ̀ tó nǹkan bíi 160.

Ẹ wá wò ó dáadáa. A máa ń sọ pé STIR ń pa ọ̀rá. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. STIR ò mọ ọ̀rá lójú. Ẹni tó bá kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní 110 ló máa pa lẹ́nu mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀rá, ì báà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ lára, ì báà jẹ́ àìsàn inú egungun màmá lẹ́yìn tí a ti gún wọn lábẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ náà

Gadolinium ló wà nínú contrast. Ìwọ̀n màmá jẹ́ kílò 60, kíndìnrín wọn dára, nítorí náà mílílítà 12 la fún wọn. Gadolinium kì í tàn fúnra rẹ̀. Omi tó bá sún mọ́ ọn ló máa ń mú tètè dìde: ó ń gé T1 kúrú. Ẹ rò ó bí ẹni tó lọ gé iṣu tó nípọn sí wẹ́wẹ́ lórí àpáta.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ló wà nídìí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aláìsàn mìíràn. Ó ya T1 bíi ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó ya èyí tí wọ́n kọ FAT SAT sí lára. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, lórí ẹ̀rọ 1.5 tesla, ohun tó yẹ kó ṣe gan-an nìyẹn: T1 tí wọ́n ti yọ ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀, lẹ́yìn contrast. Lọ́dọ̀ tiwa, lẹ́yìn orúkọ yẹn, STIR ló wà níbẹ̀.

Ta ló fún un ní orúkọ yẹn? Èmi ni. Nígbà tí a gbé ẹ̀rọ náà dé, mo fẹ́ kó rọrùn fún àwọn tó ń bọ̀ láti ibòmíràn.

Ìṣirò lórí ẹ̀yìn káàdì

Nígbà tí dókítà pè, mo ṣí àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì fa bírò yọ. Ẹ jẹ́ ká fi iye tó súnmọ́ òótọ́ ṣe é. Ká ní T1 egungun tó ń ṣàìsàn náà jẹ́ 700 kí a tó gún wọn. Ní TI 110, ohùn rẹ̀ nínú STIR á tó 71 nínú 100. Ó ń tàn nìyẹn. Ká ní gadolinium wá gé T1 náà sí 200. Ohùn rẹ̀ á já sí 15. Ọ̀rá fúnra rẹ̀, lórí 160, kò tó 1. Àìsàn àti ọ̀rá ti jọ dákẹ́.

Ẹ wá mú T1 lásán, TR 450. Kí a tó gún wọn, àìsàn jẹ́ 47, ọ̀rá tó yí i ká jẹ́ 94: ìyẹn eyín jíjẹrà tí mo sọ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àìsàn gòkè sí 89. Ojú wo ló fẹ́ mọ 89 yàtọ̀ sí 94?

Ohun tó wá jẹ́ kí orí mi wú ni pé àwòrán méjèèjì purọ́ kan náà láti ọ̀nà méjì tó kọjú síra. Nínú T1, àìsàn funfun mọ́ ọ̀rá lára. Nínú STIR, àìsàn dúdú mọ́ ọ̀rá lára. Dókítà tó bá fẹ́ fi ọ̀kan ṣe ẹlẹ́rìí èkejì á rí i pé ẹnu wọn kò, á sì gbà pé òótọ́ ni. Èyí tó ń kà fún wa ò gbà torí pé wọ́n rí àwòrán ìṣáájú. Ká ní wọ́n kọ́kọ́ ṣí ti ìkẹyìn ńkọ́?

Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ yọ T1 ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹyìn fún mi." Ọgbọ́n gidi ni: ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyọkúrò, contrast ló mú un wá. A ṣe é. Kò bọ́ sí i. Láàárín T1 méjèèjì, ẹ̀rọ ti fúnra rẹ̀ tún etí ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ ṣe, bí ẹni yí vólúùmù rédíò, nítorí náà gbogbo ara màmá ló dà bíi pé ó gba contrast, títí kan ọ̀rá abẹ́ awọ.

Dixon

Ó ku ọ̀nà kan. Ọ̀rá àti omi yàtọ̀ síra ní nǹkan kan tí gadolinium ò lè yí padà báyìí: prótọ́ọ̀nù inú ọ̀rá ń pòòyì lọ́ra díẹ̀ ju tinú omi lọ, nǹkan bí 3.5 nínú mílíọ̀nù. Lórí 1.5 tesla, ìyàtọ̀ yẹn tó 220 ìgbà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, àyè wà láti dojú kọ ọ̀rá nìkan kí a pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tí FAT SAT tòótọ́ ń ṣe nìyẹn. Lórí tiwa, 45 péré ni. Àlàfo náà há jù. Kí òòfà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, kó má gún régé láti òkè ẹ̀yìn dé ìsàlẹ̀, omi lẹ máa pa dípò ọ̀rá.

Thomas Dixon ló gba ọ̀nà mìíràn yọ ní 1984. Kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ó ní kí a jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa sáré yípo bí ọmọ méjì yí àgbàlá ká, kí a ya wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti ìgbà tí ọ̀kan wà níwájú ilé tí èkejì wà lẹ́yìnkùlé. Lórí 0.3 tesla, ní mílísẹ́kọ́ǹdì 11 ni wọ́n ń kọ̀yìn síra, ní 22 ni wọ́n tún ń pàdé. Ẹ pa àwòrán méjèèjì pọ̀, omi nìkan ló kù. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì, ọ̀rá nìkan ló kù. Ó wà lórí ẹ̀rọ wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. A kì í lò ó torí ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, èrò sì máa ń pọ̀ níta.

Mo lọ bá màmá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa tún dùbúlẹ̀ díẹ̀ sí i. Àwa la ṣe àṣìṣe, kò sí owó tẹ́ ẹ máa san."

"Ọmọ mi, ṣé ẹ tún fẹ́ gún mi ni?"

"Rárá o mà. Èyí tẹ́ ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan ṣì wà lára yín."

Òótọ́ ni. Nínú ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dára, ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tí màmá sì fi máa padà sórí bẹ́ẹ̀dì, a ò tíì lo wákàtí kan. Ohun tó ń ba dókítà lẹ́rù ni pé contrast lè ti máa rá wọ àárín ọyún díẹ̀díẹ̀, kí ọyún wá fara jọ ẹran tó wú. Ọmọ wọn ti rí ọkọ̀ nígbà yẹn. Ó ní kí awakọ̀ náà máa lọ.

Àwòrán omi jáde. Ọ̀rá dúdú kirikiri níbi gbogbo. T12 àti L1 ń tàn. Lẹ́yìn wọn, níbi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, òrùka funfun kan wà tí àárín rẹ̀ dúdú: ọyún. Òmíràn tún wà nínú ẹran iṣan ńlá ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lápá òsì, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Àárín wọn dúdú dáadáa, contrast ò tíì rá wọlé tó láti tàn wá jẹ.

Dókítà bá padà sí STIR ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ tí a ti fẹ́ jù nù. Wọ́n ní kí n wo ibi tí òrùka yẹn wà. Níbẹ̀, àárín rẹ̀ ló funfun, òrùka ló dúdú. Ọyún tí kò gba gadolinium ṣì ń pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀; etí rẹ̀ tó gbà á ti dákẹ́. Ìdáhùn wà nínú àwòrán tí a pè ní àṣìṣe láti ìgbà yìí, ó kàn yí aṣọ wọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà

Wọ́n fa ọyún jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Àyẹ̀wò GeneXpert fi hàn pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, màmá sì bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Lórí kọ̀ǹpútà wa, mo yọ orúkọ FAT SAT kúrò. Ó ti di "STIR, ṣáájú abẹ́rẹ́ nìkan". Dixon ti wọ inú ètò gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn tó máa gba contrast, èrò ì báà kún ìta. Mo sì ti dè é mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ má lè tún vólúùmù rẹ̀ ṣe láàárín T1 méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo ní orúkọ tí mo kọ ló kà, ó sì kà á dáadáa.

Màmá padà wá lẹ́yìn ọdún kan fún àyẹ̀wò. Igi ni wọ́n fi ń tilẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wọlé, wọ́n gbé èlùbọ́ kóńgò méjì dání. A tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. T1 kọ́kọ́ jáde: ọ̀rá ti ń padà sínú egungun méjèèjì, wọ́n funfun mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn. STIR tẹ̀ lé e. T12 àti L1 fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì gún wọn lábẹ́rẹ́ o."